Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Ilé Tuntun ní Ẹ̀dínwó ní England, Bí Ẹ Kò Bá Tíì Ní Ilé Rí

Ní 2021 ni ìjọba UK gbé ètò First Homes kalẹ̀ fún England, nínú èyí tí wọ́n ti ń ta ilé tuntun fún ẹni tí kò ní ilé rí, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tí kò gbọdọ̀ dín sí 30%. Káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) mìíràn tilẹ̀ lè béèrè 40% tàbí 50%. Lẹ́yìn ẹ̀dínwó, iye ilé náà kò gbọdọ̀ ju £250,000 lọ, àfi ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ti lè dé £420,000. Owó tó ń wọlé fún ìdílé yín lọ́dún kò sì gbọdọ̀ ju £80,000 lọ, tàbí £90,000 ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ẹ tó lọ wo ilé kankan, ẹ kọ́kọ́ ro èyí dáadáa: ṣé ẹ ti ní ilé rí níbikíbi láyé? Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ tó rìnrìn àjò wà nínú ohun tí òfin ń wò, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí òbí fi sílẹ̀ tí ó ti di tiyín. Ti ilé ẹbí, tí gbogbo ọmọ jọ jogún láìpín, ta kókó ju ìyẹn lọ, nítorí náà ẹ gbé e lọ bá lọ́yà, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí tọkọtaya bá jọ fẹ́ rà á, òfin yìí de àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ló kan owó àsansílẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì pé ẹni 40 ọdún, ẹ lè ṣí àkántì ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní Lifetime ISA: bí ẹ bá fi £4,000 síbẹ̀ lọ́dún, ìjọba yóò fi £1,000 lé e. Àkántì náà gbọ́dọ̀ ti pé oṣù 12 kí ẹ tó lè fi owó inú rẹ̀ ra ilé. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń kọ ọ̀pọ̀ nínú wa ni owó àjọ. Bí £3,000 bá ṣàdédé wọ àkántì yín lọ́jọ́ tí ẹ kó àjọ, lọ́yà yóò béèrè ibi tó ti wá, nítorí òfin ló ní kó béèrè. Ẹ jẹ́ kí owó àjọ máa gba báńkì kọjá, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tó fi orúkọ àwọn alájọ àti oṣù tí oníkálukú kó tirẹ̀ hàn.

Mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báńkì yóò yá yín láti fi ra ilé, gbọ́dọ̀ tó ìdajì owó ilé lẹ́yìn ẹ̀dínwó, ó kéré tán. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló ń yá ènìyàn lówó lórí irú ilé yìí, ọ̀pọ̀ sì máa ń wo ìwé ìgbélùú yín, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì kí ọkàn yín tó fà sí ilé kan. Àwọn tó ń kọ́ ilé náà ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò bá yín kọ ìwé sí káńsù. Káńsù lè kọ́kọ́ ya oṣù 3 sọ́tọ̀ fún àwọn ará àdúgbò tàbí àwọn òṣìṣẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Láti December 2024, ìjọba kò fi dandan mú àwọn akọ́lé láti kọ́ irú ilé yìí mọ́, nítorí náà ẹ ní láti wá a kiri.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ilé ló ni ẹ̀dínwó náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ilé tó tó £300,000 lọ́jà bá di £210,000 fún yín, tí iye rẹ̀ lọ́jà sì wá di £340,000 nígbà tí ẹ fẹ́ tà á, £238,000 ni ẹ ó tà á fún ẹlòmíràn tó yẹ, nítorí wọ́n ti kọ ẹ̀dínwó náà mọ́ ìwé ilé náà ní Land Registry, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀. Ẹni tó ń retí èrè ńlá yóò rí i pé èyí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ibi tí onílé kò ti ní lé e jáde, mo gbà pé ó yẹ ní rírà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kí ẹ sì tì wọ́n, ẹ da omi sí gbogbo ojú ìwẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo àléébù ránṣẹ́ sí akọ́lé náà. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ló ní ìwé ìdánilójú (warranty) ọdún 10, akọ́lé fúnra rẹ̀ ló sì máa ń tún àléébù ṣe ní ọdún 2 àkọ́kọ́.