Gáùn Kan Ló Jẹ Ìṣẹ́jú Márùn-ún Wa ní Sítúdíò

Ìṣẹ́jú 8 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣèlérí fún wa, 3 péré la rí lò. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Iṣẹ́ alukoro ni mò ń ṣe. Ìwé ọ̀gá obìnrin kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo lé àwọn tẹlifíṣọ̀n yẹn títí wọ́n fi gbà wá. Bí mo ṣe kọ lẹ́tà, bí mo ṣe pè wọ́n láìmọye ìgbà, ẹ jẹ́ ká fò ó, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo béèrè o! Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ń ṣètò ètò náà pé irú aṣọ wo ni kí ọ̀gá wọ̀, ó ní "èyíkéyìí tó bá ti dùn ún wò, mà." Èmi náà kì í ṣe ọmọ àná, mo mọ̀ pé aṣọ onílà wẹ́wẹ́ máa ń gbọ̀n rìrì lójú kámẹ́rà bíi pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀, mo mọ̀ pé funfun báláú lè mú kí ojú èèyàn ṣókùnkùn, gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n wá wọ gáùn àwọ̀ ewé kan, kò ní ìlà, kò ní òdòdó, ọwọ́ ẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Èmi fúnra mi ni mo ní "Ọ̀gá, èyí gan-an ni."

A tètè dé, wọ́n fi páúdà pa iwájú orí wọn kó má máa dán, wọ́n mú wọn wọlé. Èmi dúró sẹ́yìn níbi tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sí. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí ni. Orí ọ̀gá wà níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà níbẹ̀, àmọ́ láti ọrùn lọ sílẹ̀, ilé gogoro ni mò ń wò, pẹ̀lú fèrèsé tí wọ́n tan iná sí. Orí nìkan ń mì, ó ń kí olóòtú.

Ṣé ẹ rí i, kò sí ìlú kankan lẹ́yìn wọn. Aṣọ aláwọ̀ ewé gbàràgàdà ni wọ́n ta síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á yọ gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ yẹn kúrò, á fi àwòrán mìíì rọ́pò ẹ̀. Oníkámẹ́rà ló ṣàlàyé fún mi pé àwọ̀ ewé ni wọ́n ń lò torí ó jìnnà sí àwọ̀ ara èèyàn, pé àwọn mìíì ń lo búlúù. Kọ̀ǹpútà ò mọ gáùn yàtọ̀ sí ògiri.

Ìṣẹ́jú 11 ló kù kó kàn wá, láìfù sì ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọmọ yẹn wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo ran gáùn, ó ní "Mà, ẹ ò sọ fún wọn ni?" Orí mi gbóná. Mo yọ fóònù, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀ hàn án. Ó kà á, ó dá fóònù padà fún mi, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ìborùn bo ọ̀gá, apá wọn ṣì pòórá. Ni mo bá bọ́ kóòtù dúdú tí mo wọ̀, àmọ́ ọ̀gá lára jù mí lọ, bọ́tìnnì ò pàdé, igun mẹ́ta kékeré kan wá ṣẹ́ kù láyà wọn, fèrèsé kan sì ń yọjú níbẹ̀. Obìnrin tó ń pa páúdà ló fi píìnì mẹ́rin mú un, ó ń gún un, ọ̀gá ń sọ pé "rọra, rọra." Kí a tó ṣe tán, wọ́n ti gbé àlejò kejì ṣáájú wa, ìgbà tí wọ́n fi máa pè wá, àkókò ti lọ.

Oore kan ṣoṣo tí kóòtù tún ṣe ni pé ó ní àpò. Gáùn yẹn ò ní bẹ́líìtì, n ò mọ ibi tí wọn ì bá fi bátìrì máíìkì há.

Àmọ́ ẹ wo ọ̀gá mi! Mo ti ní kí wọ́n má fi kókó sí ìparí, kí wọ́n kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀. Olóòtú ò tíì parí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fi dárúkọ ìwé. Orúkọ wọn tó jáde nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n pé pérépéré, torí mo ti kọ ọ́ sórí bébà, mo sì dúró ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí o, n kì í béèrè irú aṣọ mọ́. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé kí ló wà lẹ́yìn àga, mo sì máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Aṣọ kejì ò sì kúrò nínú báàgì mi mọ́. Ti kóòtù dúdú yẹn, ó ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n ní ó yẹ àwọn.