Bí ẹ ṣe máa fọ inú táǹkì tínà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sínú ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po ọ̀dà tẹ́ ẹ sì ń ta tínà l'Abẹ́òkúta yìí, ọ̀rọ̀ táǹkì stainless yẹn ni mo bá wá. Torí pé ara ẹ̀ ń dán, àwọn èèyàn máa ń rò pé kò ju kí ọmọ iṣẹ́ kan bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó gba mánhóòlù wọlé tòun ti kànrìnkàn àti ọṣẹ. Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn ti gbọ́dọ̀ parí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan burọ́ọ̀ṣì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Acetone àti spirit máa ń wọ inú omi, omi ló máa gbé wọn lọ. Toluene àti xylene ò para pọ̀ mọ́ omi, orí omi ni wọ́n ń léfòó sí, ọṣẹ ló máa bá yín mú wọn. Tó bá wá jẹ́ trichloroethylene tí wọ́n fi ń yọ gírísì lára irin, ẹ má gbé caustic soda sún mọ́ ọn rárá, gáásì tó lè bú gbàù ló ń tinú àwọn méjèèjì jáde, mo sì ń sọ ọ́ torí pé caustic ò ṣòroó rí nílùú wa, àwọn aládìrẹ ń lò ó dáadáa.

Ẹ fa gbogbo ẹ̀ jáde. Ẹ má kàn ti fáàfù o, fáàfù máa ń jò, ẹ tú páìpù kúrò lára táǹkì kẹ́ ẹ sì fi irin dí ẹnu ẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ló dáa, kì í ṣe pọ́ǹpù omi ilé, iná kékeré tó ń ṣẹ́ nínú mọ́tò ẹ̀ ti tó. Jẹnẹrétọ̀ náà kó jìnnà. Acetone lè gbaná kódà tí ooru ẹ̀ bá wà ní −20°C, ẹ sọ fún mi ọjọ́ tí Abẹ́òkúta tutù tó bẹ́ẹ̀. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti gan mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ da díẹ̀ nínú kẹ́míkà yẹn kan náà sí i, ẹ dé e, kó rẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fa ìyẹn náà jáde.

Ẹ ṣáà mọ bí aṣọ ṣe máa ń ta pára tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ nígbà ọyẹ́, iná yẹn náà lè ṣẹ́ níbi tí kẹ́míkà ti ń ṣàn. Ẹ fi wáyà so táǹkì mọ́ irin tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀, ẹ tún fi wáyà so dúrọ́ọ̀mù irin tó ń gba kẹ́míkà mọ́ táǹkì, kó kan irin gan-an, kì í ṣe orí ọ̀dà. Ilẹ̀ wa sì kún fún àpáta, tí irin ò bá wọlẹ̀, ẹ wá ibi tó rọ̀ tó sì tutù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà ò sí níbí o.

Ó wá kan afẹ́fẹ́. Gáásì toluene wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí, tẹ́ ẹ bá kàn ṣí mánhóòlù òkè sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ń tan ara yín ni. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fà á jáde kí afẹ́fẹ́ tútù gba òkè wọlé, fáànù tí wọ́n ṣe fún ibi tó lè gbiná ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má sì fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà fẹ́ ẹ láéláé. Tí táǹkì bá kéré, ẹ lè rọ omi kún un dẹ́nu kí omi lé gáásì jáde, àmọ́ ẹ yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ wò: lítà 1,000 acetone ò ju nǹkan bíi kílò 790, ti omi jẹ́ kílò 1,000.

Ẹ yá gáásì mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn gáásì àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ẹ fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ọ́síjìn gbọ́dọ̀ wà láàárín 19.5 sí 23.5 nínú ọgọ́rùn-ún, LEL, ìyẹn ìwọ̀n gáásì tó kéré jù tó lè gbaná nínú afẹ́fẹ́, mítà ò gbọdọ̀ fi hàn pé gáásì inú ẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn. Ẹ má fi imú wọ̀n ọ́n, tó bá ti ń gbọ́ òórùn kan bọ̀ tipẹ́, kì í gbọ́ ọ mọ́.

Fífọ̀ gan-an ò le. Burọ́ọ̀ṣì náílọ́nù tó ní ọ̀pá gígùn, omi gbígbóná àti ọṣẹ, láti ìta. Tẹ́ ẹ bá lówó ẹ̀, kí wẹ́dà bá yín fi spray ball, bọ́ọ̀lù irin onílu tó ń fọ́n omi yíká inú táǹkì, sí òkè ẹ̀. Jik àti àsíìdì táwọn onítáìsì ń lò, ẹ jìnnà sí wọn, klóráìdì inú wọn máa ń dá ihò wínníwínní sára stainless. Kànrìnkàn irin náà burú, èérún ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á dógùn-ún, ẹ ó wá máa bú ẹni tó ta táǹkì fún yín. Tí àmì ìdógùn-ún bá ti wà, citric acid máa ń yọ ọ́.

Tó bá di dandan kí èèyàn wọlé, ẹ pe àwọn tó ń fi jẹun, tí wọ́n ní bẹ́líìtì, okùn tí wọ́n lè fi fa èèyàn jáde, ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta, àti ẹnì kan tí kò ní kúrò lẹ́nu mánhóòlù. Ìbòjú oníkátíríìjì kì í pèsè ọ́síjìn. Ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́: ẹni tó wà nínú bá ṣubú, kẹ́nikẹ́ni má sáré wọlé tẹ̀lé e, okùn ni kí wọ́n fà. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nínú kànga náà nìyẹn, ẹni àkọ́kọ́ ṣubú, ìkejì bẹ́ sí i, ìkẹta tẹ̀lé e. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àwọn òṣìṣẹ́, sọ ọ́ lọ́dún 1986 pé àwọn tó fẹ́ dóòlà ẹlòmíì lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kú síbi báyìí.

Omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà, odò Ògùn ló máa bọ́ sí, ẹ má sì dà á sílẹ̀, kànga kún àdúgbò. Ẹ rọ ọ́ sí dúrọ́ọ̀mù, ẹ kọ orúkọ kẹ́míkà sára ẹ̀, kẹ́ ẹ pe àwọn tó níwèé àṣẹ láti kó o. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan táǹkì gbẹ̀yìn ò gbọdọ̀ dúró sínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Kẹ́ ẹ tó rọ ọjà tuntun kún un, ẹ fi díẹ̀ nínú ẹ̀ ṣan án, ìyẹn náà kó lọ sí dúrọ́ọ̀mù.