Bí o ṣe máa múra de NSE láti ọjọ́ tó o bá ti dé sáìtì

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ bi mí pé kí ni òun fẹ́ fi NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, ṣe, ṣebí òun ti gba dìgírì. Mo ní, dìgírì nìkan ò sọ ọ́ di ẹnjiníà lójú òfin. COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, ló ń forúkọ ẹni sílẹ̀ tó sì ń fúnni ní òǹtẹ̀ tá a fi ń lu pílánù. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà débẹ̀ ni NSE, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1958. Àwa tó ń ṣe ilé, títì àti afárá ní ẹ̀ka tiwa níbẹ̀, NICE.

Kọ́kọ́ wọlé ní ipò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, kó o máa lọ sípàdé ẹ̀ka ìlú rẹ. Ibẹ̀ lo ti máa bá àwọn àgbà tó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ pàdé, má dúró dìgbà tó o bá nílò wọn kó o tó kí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kéré tán, ọdún 4 lẹ́nu iṣẹ́, kó o tó jókòó síwájú àwọn àgbà NSE tó máa dán ẹ wò lórí iṣẹ́ tó o ti ṣe.

Ọdún 4 yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ra ìwé kan, máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Má kọ "a da dẹ́kìn lónìí." Kọ ọ́ báyìí: "Irin mm 16 mẹ́rin ló wà nínú pílánù fún bíìmù yìí, mẹ́ta ni mo bá. Mo ní kí bẹ́ńdà fi ọ̀kan sí i. Slump àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní mm 150, mo dá kọnkéré náà padà, omi ti pọ̀ jù." Slump ni bí kọnkéré tútù ṣe wálẹ̀ tó tó o bá yọ kóònù irin kúrò lára ẹ̀. Kóònù náà ga tó mm 300, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ń bu kọnkéré sí i, lo ń fi ọ̀pá gún un nígbà 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fọwọ́ ara rẹ gún un. Má rán léburà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú àwọn tó ń dán wa wò, gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni "a ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún." Màmá kan bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ta ni? Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?" Èmi ni mo ka irin yẹn lóòótọ́, àmọ́ mi ò kọ ọ́ síbì kankan, mi ò sì rántí iye rẹ̀ mọ́. Mo padà lọ lọ́dún kejì.

Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni kó o rà o. Tèmi àkọ́kọ́ ò pé oṣù méjì tí òjò fi sọ ọ́ di ẹ̀kọ.