Bí mo ṣe yẹ omi ìdọ̀tí wò kó tó wọ odò

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí àwọn bá ti fúlọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tọ omi yẹn láti ìgbà tó wọ ọgbà wa, níbi tá a ti ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́, títí tó fi jáde sódò.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn irin gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ń dá àkísà àti náílọ́ọ̀nù dúró, ṣùgbọ́n wáìpù ló máa ń pọ̀ jù, kì í yòrò sómi bíi tíṣù, ṣe ló máa ń lọ́ mọ́ra di okùn tó lè há pọ́ǹpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jù ú sí garawa ìdọ̀tí, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn ìyẹn, iyanrìn á rì, omi á wá wọ táǹkì tó ti ń rọra lọ, ẹrẹ̀ á wálẹ̀, ọ̀rá á léfòó, wọ́n á kó o kúrò.

Táǹkì afẹ́fẹ́ ni mo ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bàkítéríà ló kún inú ẹ̀, àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí tó ti yòrò sómi tí irin ò lè mú, tiwa ò ju ká máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn látìsàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Ardern àti Lockett, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1914, òun la ṣì ń lò. Mo ti mítà ọ́síjìn bọ omi, mo rí 2 mg nínú lítà kan, ọkàn mi balẹ̀. Tó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tó sì pẹ́, irú bàkítéríà tó rí bí òwú á gba ibẹ̀, ẹrẹ̀ tí àwọn bàkítéríà yìí para pọ̀ dì ò sì ní rì mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bu omi táǹkì náà sínú ìgò gígùn tó gba lítà 1, mo gbé e síbi tí oòrùn ò dé, mo wá fún un ní ìṣẹ́jú 30. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ dà bákan náà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tí àwọn horo kéékèèké ń so mọ́ra, wọ́n ń di nǹkan ńlá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tó mọ́ kedere sì ń hàn lókè. Nígbà tí aago dún, ẹrẹ̀ ti dúró sí 250 mL. Ó dáa gan-an ni o. Ká ní kò rì ni, ṣe ló máa bá omi ṣàn lọ sódò, àwọn bàkítéríà odò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n á máa lo ọ́síjìn tó yẹ kẹ́ja fi mí, ẹja á sì máa kú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìdọ̀tí yẹn gbọ́dọ̀ jẹ ọ́síjìn níbì kan, àwa la fẹ́ kó jẹ ẹ́ tán lọ́dọ̀ wa kó má jẹ todò.

Lójú ọ̀nà àbájáde, a máa ń fi kílórínì pa kòkòrò àrùn, a ó wá fi kẹ́míkà míì pa kílórínì ọ̀hún, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ẹ̀ tó pa ẹja. Mo yẹ ìyẹn náà wò, mítà ò rí kílórínì kankan. Mo bu omi níbẹ̀, mo kó o sínú yìnyín, mo gbé e lọ sí làábù fún BOD, ìyẹn ni pé wọ́n á dé e pa sínú ìgò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 5 ní 20°C, wọ́n á wo iye ọ́síjìn tó jẹ.

Àmọ́ kí ọjọ́ 5 yẹn tó pé, omi ọ̀hún ti dé odò tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè pè é padà. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kí ń fojú kékeré wo ìgò ìṣẹ́jú 30 yẹn láràárọ̀.