Kòkòrò Wo Gan-an? Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Kọ̀wé Lórí Sáyẹ́ǹsì ní Èdè Yorùbá

Fún ọjọ́ mẹ́ta, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti àwọn mẹ́rìnlá mìíràn jókòó sínú gbọ̀ngàn kan ní Yaba, nílùú Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ẹni tí kò kàwé nípa rẹ̀ rí. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, nítorí náà mo rò pé ohun tí mo bá lọ kò ní le. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́wọ́ ni pé kí a kọ àpilẹ̀kọ kan ní èdè Yorùbá, kí ó má ju 600 ọ̀rọ̀ lọ, lórí àrùn kan tí ìtàn rẹ̀ kan Èkó. Ibà pọ́njú, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yellow fever, ni mo mú.

Ohun tó mú mi yàn án ni pé Yaba tí a jókòó sí yẹn gan-an wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ibùdó sílẹ̀ ní Yaba láti wádìí ohun tó ń fa ibà pọ́njú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, tí ibà náà ń ṣe ní Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì gún ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú, Asibi sì yè é. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ibà yìí mú Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, ó sì kú sí Èkó. Láti ara fáírọ́ọ̀sì, ohun tín-ín-tín tó ń fa ibà náà, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n pè ní 17D ní 1937, tí Theiler sì torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń fún wa títí di òní kí wọ́n tó kọ orúkọ wa sínú yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì àjẹsára tí arìnrìn-àjò ń mú dání.

Inú mi dùn sí ìtàn náà débi pé n kò sùn dáadáa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó lé ní 900, mo sì gbé e fún olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ní àárọ̀ Ẹtì. Obìnrin àgbà ni, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìròyìn lórí ètò ìlera. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo po níbi mẹ́tàdínlógún. Ọ̀rọ̀ náà ni “kòkòrò”. Ó wá bi mí pé, “Tíṣà, kòkòrò wo gan-an lẹ ń sọ?”

Mo tún un kà, ara mi sì bù máṣọ. Ní ìlà kẹta, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà náà kiri ni kòkòrò. Ní ìlà kẹfà, fáírọ́ọ̀sì ni. Níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa Hideyo Noguchi, onímọ̀ ará Japan tó gbà pé bakitéríà ló ń fa ibà náà, tí ibà kan náà sì pa á ní Accra ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, mo kọ ọ́ báyìí: “Noguchi ní kòkòrò ló ń fà á, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Yaba fi hàn pé kòkòrò mìíràn ni.” Gbogbo àríyànjiyàn tí àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ kú, orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì ló dá lé, èmi sì ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà mí lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí. Nínú Yorùbá, èmi fúnra mi ni mo ní láti pààlà náà.

N kò gbà pé èdè wa kò tó. Kòkòrò dára fún iṣẹ́ tí à ń fi ṣe nínú oko àti nínú ilé. Ẹni tó fẹ́ fi kọ sáyẹ́ǹsì ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kó dá nìkan rìn. Mo pinnu pé ẹ̀fọn yóò máa jẹ́ ẹ̀fọn, fáírọ́ọ̀sì yóò máa jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, bakitéríà yóò sì máa jẹ́ bakitéríà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí orúkọ kan náà tilẹ̀ ń padà wá léraléra. Wọ́n ti kọ́ wa níléèwé pé kí a máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí àròkọ lè dùn. Nínú irú ìwé yìí, ìpààrọ̀ yẹn gan-an ló ń ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ibòmíràn tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa fa ìlà sí ni gbólóhùn tí mo ti ní “ìdajì àwọn tí ibà pọ́njú bá mú ló ń kú”. Ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ìdajì àwọn wo?” Mo padà sídìí ohun tí mo kà, mo sì rí i pé mo ti fò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ̀ lára kì í mọ̀ rárá. Ara àwọn mìíràn á gbóná, orí á fọ́ wọn, ẹ̀yìn á ro wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, yóò sì lọ. Àwọn díẹ̀ ni ibà náà máa ń padà bá lẹ́yìn tí wọ́n bá rò pé ó ti tán. Ìgbà yẹn ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, tí ojú ń pọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde lẹ́nu tàbí nímú. Nǹkan bí ìdajì àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ló ń kú láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Bí mo bá fi gbólóhùn mi sílẹ̀ bó ṣe wà, ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná ì bá ti máa sunkún ọmọ tó wà láàyè.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ ka èyí tó tún kọ sétí ẹni tí kò sí ní gbọ̀ngàn náà. Àbúrò ìyá mi ni mo kà á fún ní Bàrígà, níbi tí wọ́n ti ń ta ògì àti àkàrà. Wọ́n ń ṣa àgbàdo bí mo ṣe ń kà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, ọwọ́ wọn dúró lórí àgbàdo.

“Àkànní, ṣé kí a má jẹ ẹyin mọ́ nìyẹn?”

Òótọ́ ni ohun tí mo kọ, inú ẹyin tí ọmọ ti ń dàgbà ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni, n kò sì sọ pé àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ló ń fi í sínú ẹyin. Mo kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Wọ́n tún bi mí pé bó bá jẹ́ pé ojúmọmọ ni ẹ̀fọn yìí ń jẹni, kí wá ni iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀fọn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: èyí tó ń gbé ibà tí gbogbo wa mọ̀ kiri ń jẹni lóru, òun ni nẹ́ẹ̀tì wà fún, èyí tó ń gbé ibà pọ́njú ń jẹni lójú ọjọ́, inú omi tó dúró sínú ìkòkò, agolo àti táyà ló sì ń yé ẹyin sí. Ìbéèrè yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ náà nígbẹ̀yìn, nítorí mo mọ̀ pé òǹkàwé mi náà yóò bi í.

Ní ìdájí Àbámẹ́ta, wọ́n ń sẹ́ ògì. Èérí dúró lórí aṣọ, omi funfun ń ṣàn sínú bàsíà, mo sì dúró tì wọ́n tí mo ń wò ó. Ohun tí àwọn olùwádìí ṣe ní Èkó nìyẹn: wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn nínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ há débi pé bakitéríà kò lè gbà á kọjá, wọ́n gún ohun tó sẹ́ sílẹ̀ sára ọ̀bọ, àrùn náà sì tún mú un. Ohun tó ń fà á kéré ju bakitéríà lọ. Mo gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, mo jókòó kọ ọ́.

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ ibi tí àfiwé náà parí sí, nítorí ògì kì í pọ̀ sí i nínú bàsíà, fáírọ́ọ̀sì sì ń pọ̀ sí i bó bá ti wọ inú ẹ̀yà ara. Mo fi gbólóhùn méjì kún un. Ó wá fa ìlà gba ìpínrọ̀ ìkẹyìn kọjá, níbi tí mo ti ń gba gbogbo ará ìlú níyànjú, ó ní bí mo bá ti ṣàlàyé dáadáa, ẹni tó kà á yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó dùn mí díẹ̀, mo sì yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ 598 ló kù.

Mo kà á fún àbúrò ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ náà ní Nàìjíríà, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ mú káàdì ọmọ-ọmọ wọn wá, wọ́n nà án sí mi. “Bá mi wò ó, Àkànní. Ṣé wọ́n ti fún un?” Mo fi ìka tọ ìlà náà dé ìparí. Àyè rẹ̀ ṣófo, ọmọ náà sì ti pé oṣù mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọjọ́ Ajé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ìyá ọmọ lè rí i.