Bí A Ṣe Ń Gbé Hẹlikọ́pítà Balẹ̀ sí Pápá n'Ìbàdàn

Wọn kì í sábà pe hẹlikọ́pítà wá sí Ìbàdàn ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ìgbéyàwó ni, tàbí ìsìnkú àgbà, tàbí ìwúyè, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń fẹ́ kó balẹ̀, nígbà tí àlejò ti pé. Aago yẹn gan-an ló burú jù fún ẹ̀rọ náà. Ohun tí a fẹ́ kí awakọ̀ tuntun mọ̀ ni pé orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń yanjú tàbí kó ti bàjẹ́: lórí ìwé ìṣirò, àti nínú pápá iléèwé tí ẹ fẹ́ balẹ̀ sí, tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn yí ká lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gùn. CPL, ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú tó ń ṣiṣẹ́ owó, ni ìwé tí ẹ lè fi gba owó iṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ìlànà àgbáyé ń béèrè wákàtí 150 lójú òfuurufú, tàbí 100 fún ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ náà látòkèdélẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara Class 1 lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé ẹ̀kọ́, torí ojú tí kò mọ àwọ̀ yàtọ̀ lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sì rántí pé ilé iṣẹ́ tó ní AOC, ìwé àṣẹ láti fi ọkọ̀ òfuurufú ṣòwò, nìkan ló lè gba owó lọ́wọ́ èrò.

Ó yá, ìwọ̀n. R44 Raven II, hẹlikọ́pítà kékeré oníjókòó mẹ́rin, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kílò 1,134 lọ. Ká ní ìwé ọkọ̀ yín sọ pé òfìfo rẹ̀ jẹ́ 690. Awakọ̀ 82, èrò mẹ́ta 95, 88 àti 76, ẹrù 12. Gbogbo rẹ̀ di 1,043, ó wá ku kílò 91 fún epo. Lítà avgas (epo tí ọkọ̀ yìí ń lò) kan wọn kílò 0.72, nítorí náà lítà 126 ni ẹ lè rọ sí i. Ọkọ̀ yìí ń mu bíi lítà 57 ní wákàtí kan, ìyẹn wákàtí méjì lé díẹ̀. Láti Ìkẹjà sí pápákọ̀ òfuurufú Alákìá jẹ́ bíi kílómítà 113, ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ẹ ka àlọ àti àbọ̀, ẹ fi epo ìṣẹ́jú 20 tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù kún un, ẹ ó rí i pé ó tó. Ẹ má retí pé ẹ ó rí avgas rà ní pápá iléèwé.

Èrò kì í sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ gbé òṣùwọ̀n dání, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n pẹ̀lú aṣọ lára: agbádá aṣọ òkè, ìró, iyùn, báàgì, gbogbo rẹ̀ ló ń wúwo. Ẹ fọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gun orí èyí, nítorí ààbò yín ni.”

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fa epo díẹ̀ láti ìdí tánkì sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Avgas 100LL máa ń ní àwọ̀ búlúù. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò dúró nísàlẹ̀ rokoso bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ máa fà á títí omi náà yóò fi tán pátápátá.

Ooru ló kàn. Ẹ yí altimeter (aago tó ń sọ gíga) sí 1013, ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìṣirò, ẹ ka iye tó bá sọ. Ní Alákìá, ká ní ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 700. Ní gíga yẹn, ooru tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ gbé ìṣirò wọn lé jẹ́ bíi 13.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ìta bá jẹ́ 34, ìyàtọ̀ jẹ́ 20.4. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 120, ó di 2,448. Ẹ fi 700 kún un, ó lé ní 3,100. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní density altitude, gíga tó dà bíi pé abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wà. Ní aago méje àárọ̀ tí ìta jẹ́ 23, ìṣirò kan náà á fún yín ní bíi 1,800. Pápá kò yí padà, ọkọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀sán ti gbé e gun òkè ẹsẹ̀ bàtà 1,300 sí i.

Ẹ wá gbé ooru àti gíga yẹn lọ sínú chart hover, àtẹ tó ń sọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé dúró lójú kan lófuurufú, tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Méjì ni. IGE ni ti ìgbà tí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, tí ilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. OGE ni ti ìgbà tí kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan nísàlẹ̀. Níbi tí ilé bá yí pápá ká, OGE ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ìwọ̀n yín bá kọjá rẹ̀, ẹ fi èrò kan sílẹ̀, kí ẹ padà wá gbé e. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí chart padà.

Nígbà tí ẹ bá lọ wo pápá, kí ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gígùn ọkọ̀ ó kéré tán, èyí tó jẹ́ bíi mítà 24 fún R44. Wáyà ni ọ̀tá yín. Láti òkè, wáyà kì í hàn rárá lórí àwọn páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà. Òpó ni kí ẹ wá. Ẹ ka gbogbo òpó tó yí pápá ká, ẹ yà wọ́n sórí ìwé, kí ẹ sì bi ọlọ́dẹ iléèwé nípa wáyà tí ará àdúgbò fà fúnra wọn, torí ìyẹn kì í ní òpó. Orí igi tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fò kọjá wáyà, orí òpó ni kí ẹ gbà, torí òpó lẹ rí.

Kánópì tó bá wà láàárín mítà 60, ẹ ní kí wọ́n kó o kúrò. Àga oníke, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, páànù tí ìṣó rẹ̀ ti jẹrà, afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ á gbé gbogbo rẹ̀, ọ̀rá tó bá sì ta lu abẹ̀bẹ̀ ìrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà ọyẹ́, ẹ ní kí tánkà wọ́n omi sí pápá ní wákàtí kan ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ á bo ojú yín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó kù.

Nígbà tí ẹ bá dé, èéfín iná tí wọ́n fi ń se àsè lẹ́yìn ilé ni yóò sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ dojú kọ ọ́. Bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bí eré bá ti kéré sí knot 30 (bíi kílómítà 56 ní wákàtí kan), ẹ má já ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè rì sínú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ tì sísàlẹ̀. Á máa gbọ̀n, bí ẹ bá sì ṣe ń fa collective (ọ̀pá tí ẹ fi ń gbé ọkọ̀ sókè sílẹ̀) tó ni yóò máa já tó. Ẹ ti cyclic (ọ̀pá tí ẹ fi ń darí ọkọ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́) síwájú, ẹ dín collective kù, ẹ jáde, ẹ tún un wá.

Ìgbéra padà le jù bíbalẹ̀ lọ, torí ọkọ̀ kún, ooru sì ti mú. Ẹ fa collective, governor (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ eré abẹ̀bẹ̀) á ṣí throttle (ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) títí kò ní sí ohun tó kù láti ṣí. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí ẹ bá tún fà, eré abẹ̀bẹ̀ ni yóò máa jẹ. Bí eré náà bá já sí 97%, fèrè ìkìlọ̀ á ké. Ọwọ́ á fẹ́ fà sí i, torí ilẹ̀ ń sún mọ́. Ẹ má fà á! Ẹ rọ collective sílẹ̀ díẹ̀, ẹ yí throttle sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí eré abẹ̀bẹ̀ padà. Pẹ́dà òsì náà ń jẹ agbára. Bí ẹ bá fẹ́ yí lójú kan, ẹ yí sí ọ̀tún.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí abẹ̀bẹ̀ dúró pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ tàbí sún mọ́ ọkọ̀. Àwọn oníkámẹ́rà ni yóò kọ́kọ́ sáré wá, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń gbà kí wọ́n lè ya ọkọ̀ àti ìyàwó pọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ìrù tó ń yí kì í hàn lójú. Ẹ fi ẹnì kan tí kì í tijú ṣọ́ ìrù, kí ó sì sọ fún àwọn bàbá kí wọ́n mú fìlà sọ́wọ́.

Lẹ́yìn aago mẹ́ta, láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, ẹ máa wo ìlà-oòrùn, níhà Ìwó. Bí ó bá ṣú dúdú níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì tutù lójijì, ìjì ti dé. Ẹ so abẹ̀bẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ sùn sí Ìbàdàn, kí èrò gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ padà sí Èkó.