Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Gáàsì Kun Ọmọdé Lóorun Láìbí Ọ̀fun Rẹ̀ Nínú

Nínú àwọn gáàsì tó ń kun ni lóorun fún iṣẹ́ abẹ, isoflurane kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ oorun ọmọdé. Ó ń ta. Ohun kan tó ń jẹ́ TRPA1 wà lára iṣan ìmọ̀lára inú ọ̀fun, bí ilẹ̀kùn kékeré. Aáyù tútù máa ń ṣí i, ìyẹn ló fi ń jó ni lẹ́nu. Isoflurane àti desflurane náà ń ṣí i. Ó ṣí tán, ọmọ á wúkọ́, á sé èémí, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, ọ̀fun sì lè pa dé. Halothane àti sevoflurane kì í ṣí i. Àwọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, láti Àbújá títí dé Kánò, ẹ bi ìyá ọmọ: "Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ìgbà wo ni ikun ti ń yọ nímú ẹ̀?" Bí ikun bá ki, tí ibà wà tàbí tí àyà ń han, tí iṣẹ́ abẹ ò sì jẹ́ kánjúkánjú, ẹ sún un síwájú, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀fun tí òtútù ti bà jẹ́ lè máa tètè bínú fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ẹ fa suxamethonium, oògùn tó ń mú ẹran ara rọ̀, sínú abẹ́rẹ́ kí ẹ tó tan gáàsì. Halothane: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 0.5%, ẹ máa fi 0.5% kún un lẹ́yìn èémí 3 tàbí 4, títí dé 3 sí 4%. Bí ẹ bá kánjú, ọkàn á rọra lù jù. Sevoflurane lè tètè dé 8%.

Àárín ni ewu wà, nígbà tí ọmọ ò sùn tán tí kò sì lajú. Ẹ má fi kánúlà, abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, gún un, ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dúró kí ẹyinjú wá sí àárín, kí àgbọ̀n rọ̀, kí èémí máa lọ déédéé.

Bí àyà bá ń wọnú tí bàágì èémí ò mì, ọ̀fun ti pa dé nìyẹn. Ẹ fún un ní ọ́síjìn 100%, ẹ di ìbomú mọ́ ojú rẹ̀ pinpin, ẹ ti àgbọ̀n síwájú. Ẹ má tẹ bàágì tagbáratagbára o, inú ikùn ni afẹ́fẹ́ á gbà lọ. Kò là? Propofol, oògùn oorun tí a ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, 0.5 sí 1 mg/kg. Kò tíì là? Suxamethonium 1 sí 2 mg/kg. Bí ẹ ò bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ gún, suxamethonium 4 mg/kg sínú ẹran ara, pẹ̀lú atropine, kí ọkàn má bàa rọra lù jù.

Tí iṣẹ́ bá parí, àárín yẹn la tún máa gbà padà. Ẹ yọ rọ́bà èémí tó wà lọ́fun rẹ̀ nígbà tí oorun ṣì jinlẹ̀, tàbí kí ẹ dúró kí ọmọ lajú, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.